Ẹ̀rọ Kì Í Báni Rìn: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Gìgísẹ̀ Ń Yọ Lẹ́nu

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ Olúyọ̀lé, ẹ̀yin alábàárù Ọjà'ba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pọ́n òkè Mápó lójoojúmọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dúró nídìí igbá ní Bẹẹrẹ àti Bẹyẹrúnkà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo ń gbọ́ pé ẹ ti ń wádìí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbá gìgísẹ̀ kí ìrora tó ti pẹ́ lè lọ. Ẹ̀rọ náà wà lóòótọ́. Shockwave ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà tó yẹ ní ṣíṣe ṣáájú rẹ̀, iṣẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí mo ṣe tò ó nìyí.

1. Mọ irú ìrora tó ń ṣe ọ́. Bí o bá jí láàárọ̀, tí gìgísẹ̀ gún ọ bí o ṣe fẹsẹ̀ kanlẹ̀, tó jẹ́ pé ńṣe lo tiro dé ẹnu ọ̀nà, tí ó wá rọlẹ̀ bí o ti ń rìn, tí ó tún dé nígbà tí o dìde lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣan tó nà lábẹ́ ẹsẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé ìdí àwọn ọmọ-ìka ni. Òun ló gba ìwúwo ara ró. Ẹrù orí, ilẹ̀ kọnkéré, sílípáàsì pẹlẹbẹ àti ara sísan ló ń ni ín lára. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lókè ló ń dùn, iṣan ńlá tó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ eegun ni kí o fura sí. Irú ìrora méjì yìí wà lára èyí tí wọ́n sábà máa ń lo ẹ̀rọ yìí fún.

2. Má pe gbogbo ẹsẹ̀ dídùn ní ti iṣan, má sì pe gbogbo rẹ̀ ní làkúrègbé. Bí àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń jó ọ tàbí tó ń kú tipiri, lọ yẹ ṣúgà ara wò, ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ. Bí ìrora bá ti ìbàdí sọ̀ kalẹ̀ wá, ẹ̀yìn ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tó gbóná, tó sì ń dùn lẹ́yìn ojúgun, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀jẹ̀ SS, dọ́kítà ni kí ó kọ́kọ́ rí, nítorí eegun ìbàdí rẹ̀ lè ti ń bàjẹ́.

3. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú nílé. Kí o tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, fi ọwọ́ fa àwọn ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ wá sọ́dọ̀ ara rẹ títí iṣan abẹ́ ẹsẹ̀ yóò fi nà. Kọjú sí ògiri, ti ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, jẹ́ kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ dáadáa, kí o tẹ̀ síwájú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, kí o tún un ṣe. Lálẹ́, fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí ike omi tó ti di yìnyín. Bí ó bá yá, dúró létí àtẹ̀gùn, gbé gìgísẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wá bàtà tó nípọn ní gìgísẹ̀. Bí o bá sì ń ru ẹrù, dín in kù ná. Ọ̀pọ̀ ẹni tó tẹra mọ́ èyí ni ara wọn ń yá láàárín ọdún kan, láìfojú kan ẹ̀rọ kankan.

4. Má fi oògùn bo ìrora mọ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ra sínú ọ̀rá fún ọ ní kẹ́míìsì, tí o ń gbé mì kí o lè ru ẹrù dé alẹ́, ó lè dá egbò sí inú rẹ, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Abẹ́rẹ́ steroid ní gìgísẹ̀ lè mú ìrora rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gún un léraléra, iṣan náà lè já. Gbẹ́rẹ́ pàápàá, bí abẹ kò bá mọ́, ó lè kó àìsàn wọ̀ ọ́ lára.

5. Mọ ibi tí ẹ̀rọ náà ti wá. Ìlú Munich ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo ìgbì shockwave fún aláìsàn lọ́dún 1980, láti fọ́ òkúta inú kíndìnrín láìfi ọ̀bẹ kan ara. Ilé-iṣẹ́ Dornier, tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú nígbà náà, ló ṣe ẹ̀rọ náà. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ iṣan àti eegun, tí Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i fún gìgísẹ̀ lọ́dún 2000. Bẹ́ẹ̀, àwọn olùwádìí kò tíì fohùn ṣọ̀kan tán: àwọn kan rí i pé ó ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lóore, àwọn mìíràn ní ìyàtọ̀ tó mú wá kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ní ó dájú bí idán, ọjà ló ń tà.

6. Mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí ọ. Físíò, ìyẹn ẹni tó kọ́ṣẹ́ fífi ìdárayá àti ẹ̀rọ tọ́jú iṣan àti eegun, yóò ní kí o dojúbolẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ yọ síta létí ibùsùn. Yóò fi àtàǹpàkò tẹ gìgísẹ̀ kiri títí o fi máa pariwo pé, "Ibẹ̀ yẹn ni!" Á fi jẹ́ẹ̀lì tútù sí ojú ibẹ̀, á sì gbé ọ̀pá ẹ̀rọ lé e. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ló ń ta irin kékeré kan síwá sẹ́yìn nínú ọ̀pá náà, irin ń gbá orí ọ̀pá, ìgbá náà sì ń wọ ara: ta-ta-ta-ta, nǹkan bí 2,000, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó máa ń dunni; sọ̀rọ̀ bí o kò bá lè gbà á, wọ́n lè dín in kù. Ìrora tó ti pẹ́, ara a máa pa á tì bí ẹjọ́ ilẹ̀ tó ti sú mọ̀lẹ́bí. Wọ́n gbà pé ìgbá yìí ló ń gbé ẹjọ́ náà padà síwájú ara, kí àtúnṣe lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, ọ̀sẹ̀ kan síra. Ojú ibẹ̀ lè pọ́n tàbí kó wú díẹ̀. Má lọ ru àpò ìrẹsì lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Àǹfààní rẹ̀ lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta kó tó hàn, ìdárayá inú ìmọ̀ràn kẹta kò sì gbọdọ̀ dúró.

7. Mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ gbà á. Aboyún, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, ẹni tó ní jẹjẹrẹ tàbí egbò lójú ibẹ̀, ọmọdé tí eegun rẹ̀ ṣì ń dàgbà, àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ní abẹ́rẹ́ steroid níbẹ̀. Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kò ní mọ̀ bí ẹ̀rọ bá ń pa á lára. Má fi èyí tó bá kàn ọ́ nínú wọn pa mọ́ nítorí pé o fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọ.

8. Mọ ẹni tí o fẹ́ gbé ẹsẹ̀ fún. Ìbàdàn kò ṣaláìní àwọn tó kọ́ṣẹ́ yìí. Láti 1957 ni ilé ìwòsàn UCH ti ṣílẹ̀kùn, ọkọ̀ Máíkírà kì í sì í pẹ́ débẹ̀ láti Bẹẹrẹ. Láti 1966 sì ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn físíò. Òfin ti fi ìgbìmọ̀ kan lélẹ̀ láti 1988 tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, nítorí náà bèèrè ìwé àṣẹ. Lẹ́yìn èyí, bi í léèrè ohun mẹ́ta: Kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ mi gan-an? Ìdárayá wo ni mo máa kọ́kọ́ ṣe? Bí ẹ̀rọ kò bá ràn mí lọ́wọ́, kí ló kàn? Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ẹ̀rọ kó tó yẹ ẹsẹ̀ rẹ wò, dìde níbẹ̀.

Ọmọ mi, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ìtọ́jú tí kò mú ara yá ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń wáyé. Bí gìgísẹ̀ bá ti ń dùn ọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, lọ rí físíò lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì bẹ̀rẹ̀ ìdárayá lọ́la.