Àlejò, Àtìpó, Ogunléndé: Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kí Ó Ṣáájú Ètò Ìrìn-Àjò Orílẹ̀-Èdè Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ọ̀rọ̀ ètò ìrìn-àjò ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe ètò tó gún régé fún àwọn tó ń ṣí láti ìlú kan lọ sí òmíràn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí oníkálukú wọn jẹ́. Èyí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. N ó kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà nínú èdè wa, n ó fi ìtàn Gáná àti Nàìjíríà tì í lẹ́yìn, kí n tó sọ ohun tó kù tí ètò wa ń fẹ́.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún arìnrìn-àjò

Àwọn baba wa kì í pe gbogbo ẹni tó wá láti òkèèrè ní orúkọ kan náà. Àlejò ni ẹni tó wá kí wa, tí yóò sì padà lọ láìpẹ́. Àtìpó ni ẹni tó ń gbé láàárín wa, tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń dáko, ṣùgbọ́n tí ilé rẹ̀ wà níbòmíràn. Ogunléndé ni ẹni tí ogun lé dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìtàn ara rẹ̀.

Bí a ṣe ń gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀. Oúnjẹ àti ibùsùn ni a ń wá fún àlejò. Àtìpó ní láti ní ẹni tí yóò fi ṣe bàbá nílùú, tí yóò mú un lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ọba. Bí wọ́n bá fún un nílẹ̀ dáko, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ti ogunléndé kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀mí rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń dáàbò bò kí a tó bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sọ pé ètò àtijọ́ yìí kò ní àléébù. Ìjà láàárín onílẹ̀ àti àtìpó ti tú ilé ká rí nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó ń bá lò.

Lóde òní, "jápa" ni ó gba ẹnu wa kan. Bí a bá ní ẹnìkan rè àjò, àbọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tó jápa, sísá ló sá lọ. A kò retí àbọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba físà lọ kàwé, nọ́ọ̀sì tó ríṣẹ́ sí òkè òkun, àti ẹni tí wọ́n tàn wọ aṣálẹ̀ Sàhárà, gbogbo wọn la ń sọ pé wọ́n jápa. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti bo ìyàtọ̀ wọn mọ́lẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1969 àti 1983

Ó pẹ́ tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà, Ṣakí àti Ìgbẹ́tì ti ń ṣòwò ní Gáná. Nígbà tí yóò fi di 1969, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ló jẹ́ pé ibẹ̀ ni a bí wọn sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Dókítà K. A. Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kó jáde. Òwò tí ẹlòmíràn fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ìyá bàbá mi wà lára àwọn tó padà wálé. Tamale ni wọ́n bí i sí. Títí di òní, "Ìyá Tamale" ni a ń pè é nílé. Ó sọ fún mi pé ọjọ́ tí òun dé Ìnísà ni òun kọ́kọ́ fojú kan ilé bàbá òun. Ní Gáná, wọ́n ní ará Nàìjíríà ni. Ní Ìnísà, wọ́n ní ará Gáná ni. Níbo ni kì í ti í ṣe àjèjì?

Kò tó ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà tí ọ̀rọ̀ yí bìrí. Owó epo rọ̀bì ti mú kí àwọn ará Gáná rọ́ wá sí Nàìjíríà. Wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń ṣe olùkọ́. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ìjọba Alhaji Shehu Shagari kéde ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983 pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tó jáde lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gáná ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba Gáná ti ti ẹnubodè òun àti Tógò pa láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Ìparí oṣù kìíní 1983 ni wọ́n tó ṣí i. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló há sójú ọ̀nà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àpò "Ghana Must Go" tí a ń kó ẹrù sí títí di òní, ìrántí ìgbà náà ni. Ní 1985, wọ́n tún lé àwọn mìíràn.

Ìdí tí àdéhùn kò fi gbà wọ́n

Ẹnìkan lè bèèrè pé, ṣé kò sí àdéhùn nígbà náà ni? Ó wà. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975. Ní 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè náà fohùn ṣọ̀kan pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣèlérí ìgbélùú àti ìdásílẹ̀ òwò fún ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n 1986 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn ti ìgbélùú, ti òwò sì di 1990. Ẹ kíyè sí i: ohun tó ń ṣiṣẹ́ ní 1983 mọ àlejò, kò mọ àtìpó. Ẹni tó wọlé bí àlejò, tó jókòó bí àtìpó, ti di arúfin nígbà tí 90 ọjọ́ bá pé, ì báà máa kọ́ ọmọ wa níwèé.

Ètò tí a ní àti ohun tó kù

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè wa lórí ìrìn-àjò àti ìṣípò. Ìlànà lórí iṣẹ́ òkè òkun ti ṣáájú rẹ̀ ní 2014. Àjọ NAPTIP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2003, ń gbógun ti àwọn tó ń fi ènìyàn ṣòwò. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò bù ú kù. Lérò tèmi, ohun mẹ́ta ni a ní láti fi kún un kí ó tó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a ṣe é fún.

Èkínní, kí ó dé ìjọba ìbílẹ̀. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Abidjan, tí àwọn ará ìlú náà ti tẹ̀dó sí tipẹ́tipẹ́. Kí ìwé kan wà ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá fẹ́ yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí, àti ibi tó ń lọ, àti ẹni tí yóò gbà á sílé lọ́hùn-ún. Kí wọ́n má fi gba owó orí, kí wọ́n má sì fi ṣe túláàsì. Bí àṣẹ ọ̀sẹ̀ méjì bá tún dé, a ó mọ ẹni tí a ń wá àti ibi tí a ó ti wá a.

Èkejì, kí ètò wà fún àbọ̀. Láti 2017 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfurufú kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wa padà láti Líbíà. Kíkó ènìyàn délé kò tó. Ẹni tó dé ń fẹ́ iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ ń fẹ́ ilé-ìwé, ó sì ń fẹ́ ìwé tó fi hàn pé ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni.

Ẹ̀kẹta ni ti èdè, èyí sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òfin ya ẹni tó gbowó láti mú ènìyàn gba ẹ̀bùrú kọjá ẹnubodè sọ́tọ̀ lára ẹni tó tan ènìyàn lọ láti fi í ṣòwò. Ẹni tí wọ́n fi ṣòwò kì í ṣe ọ̀daràn; ẹni tí a ṣẹ̀ ni. Bí ọmọbìnrin tí wọ́n tàn kò bá gbọ́ ìyàtọ̀ yìí ní èdè tó yé e, ẹ̀rù yóò máa bà á láti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Nítorí náà, mo rọ ẹgbẹ́ wa pé kí a yan ìgbìmọ̀ kékeré kan tí yóò ṣa ọ̀rọ̀ inú ìlànà 2015 jọ, kí a wá Yorùbá tó dájú fún wọn, kí a sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, ọjà àti ibùdókọ̀. A kò ní láti dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: àlejò, àtìpó àti ogunléndé ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa dá sí i, kí ẹ tọ́ wa sọ́nà níbi tí a bá ti ṣì í.