Bí A Ṣe Ń Bomi Rin Ewé Inú Garawa, Àti Bí A Ṣe Ń Fún Un Lájílẹ̀

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ẹfinrin, ewúro àti tẹ̀tẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbìn sínú garawa àti báàfù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀yìnkùlé.

Ta ni kò mọ Jáńkárà mọ́ ewé àti egbò? Ṣùgbọ́n ewé tí ọkọ̀ ń kó wá láti oko kì í pẹ́ rọ. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ ṣe yá àwọn kan lówó kí wọ́n lè máa gbin díẹ̀ nílé. Ní báyìí, àwọn mẹ́rin ti wá bá mi pé ewé àwọn ń kú. Ẹ jẹ́ ká là á mọ́lẹ̀: ewé lè kú, gbèsè kì í bá a kú.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́ ni mo ń bomi rin ewúro mi. Nígbà tí ewé rẹ̀ ń pọ́n, mo ní òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, mo tún fi omi kún un. Ìgbà tí mo fà á tu ni mo rí i pé gbòǹgbò ti dúdú, ó sì ń rùn. Omi ló pa á.

1. Bí a ṣe ń bomi rin ín

Garawa kò dà bí ilẹ̀ oko. Lóko, omi máa ń wá ibi gbà lọ. Nínú garawa tí kò níhò, ìsàlẹ̀ ni yóò jókòó sí, gbòǹgbò kò sì ní rí atẹ́gùn. Ẹ lu ihò bíi 5 sí ìdí garawa, kí ẹ gbé e lé orí òkúta.

Kí ẹ tó bu omi, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ inú rẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá tutù, ẹ fi sílẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ rọra bomi sí i títí yóò fi máa jò nísàlẹ̀, kí ẹ dáwọ́ dúró. Òwúrọ̀ ló dára jù. Nígbà ọyẹ́, ó lè gba omi lójoojúmọ́. Èyí tó wà níbi tí oòrùn kò tó kì í mu omi púpọ̀.

2. Irú omi tó yẹ

Ọ̀sà àti òkun ló yí wa ká, nítorí náà iyọ̀ wà nínú omi ọ̀pọ̀ kànga Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí omi ẹ̀rọ tó ti Ìjú dé ní 1915, àwọn àgbà wa ti mọ iyì omi òjò. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun lórí ilẹ̀ garawa, tí etí ewé sì ń jóná, iyọ̀ ni. Ẹ fi omi òjò tàbí omi ẹ̀rọ ṣan ilẹ̀ náà dáadáa, kí ó jò jáde. Ẹ má fi omi gọ́tà tàbí omi ọṣẹ bomi rin ewé rárá.

3. Ajílẹ̀

Ìgbẹ́ adìyẹ tútù gbóná, ó máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ da á pọ̀ mọ́ ewé gbígbẹ àti èèpo iṣu, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ bò ó, kí ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kó lo oṣù 3, ó kéré tán. Nígbà tí òórùn rẹ̀ bá ti dà bí òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, ó ti jinná. Ẹ̀kúnwọ́ 2 tó fún garawa kan lóṣù. Eérú igi dára, àmọ́ ṣíbí kan péré. Ẹ má pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tútù, nítorí agbára ajílẹ̀ yóò bá òórùn fò lọ.

Ẹ má ṣe wọ́n ajílẹ̀ sórí ewé o, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ fi sí. Ọ̀pọ̀ ewé wa ni wọ́n ń gbo sínú omi tútù, wọn kì í sè é. Ìgbẹ́ tí kò jinná lè fa ìgbẹ́ gbuuru. Oníbàárà tó wá ra ìwòsàn kò wá ra àìsàn. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìsọ̀ wa ni yóò kàn.

Ìbéèrè fún àgbéyẹ̀wò

(a) Ewé ń pọ́n, ilẹ̀ sì tutù: kí ló ṣe é? Omi ti pọ̀ jù.
(b) Ewé ìsàlẹ̀ ń pọ́n, omi sì ń lọ déédéé: kí ló ṣe é? Ó ṣeé ṣe kí ebi máa pa á, ẹ fún un lájílẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù tó yáwó gbé garawa kan wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà.

Èmi ni,
Akọ̀wé yín.