Bí A Ti Ń Dá Ẹgbẹ́ Agbàlà Sílẹ̀ fún Ajá Kékeré

Ní ọdún 1860, obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mary Tealby ṣí ilé kan ní Holloway, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn ajá tí ó sọnù àti àwọn tí ebi fẹ́ pa kú ní ìgboro. Àwọn ènìyàn fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó kú ní 1865, ṣùgbọ́n ilé náà kò parun. Ní 1871 a ṣí i lọ sí Battersea, níbẹ̀ ni ó sì wà di òní. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ mìíràn dìde ní Ìlú Ọba, tí olúkúlùkù wọn ń tọ́jú irú ajá kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí a wo ajá tí à ń pè ní Dachshund. Àwọn ará Jámánì ni ó kọ́kọ́ sìn ín, kí ó lè wọ inú ihò lọ bá ẹran ìgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ajá ọdẹ wa ti ń wá òkété. Nítorí náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn. Nígbà tí àrùn kòrónà sé àwọn ènìyàn mọ́lé ní 2020, ọ̀pọ̀ ni ó ra ajá; nígbà tí iṣẹ́ padà dé, àwọn mìíràn kò fẹ́ ẹ mọ́.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí ajá yìí fi yẹ ní ẹgbẹ́ tirẹ̀? Àrùn ẹ̀yìn ni. Ohun rírọ̀ tí ó wà láàrin egungun ẹ̀yìn a máa yọ jáde, a sì tẹ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún wọn ni ó ń mú. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pè é ní ọ̀lẹ, yóò sì nà án. Ẹni tí ó mọ̀ yóò gbé e lọ bá oníṣègùn ẹran. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá sì rọ, kí ó má ṣe dúró di ọ̀la.

Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó láti bẹ̀rẹ̀: ẹni tí yóò kọ ìwé owó, ẹni tí yóò máa bẹ ilé wò, àti oníṣègùn ẹran tí ó ti gbà kí ajá kìíní tó dé. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá àwọn alágbàtọ́ tí yóò gba ajá sílé fún ìgbà díẹ̀. Iye ajá kò gbọdọ̀ ju iye àyè lọ. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fọ́, nítorí àánú kò mọ bí a ti ń wí pé rárá. Ilé tí ó yẹ fún ajá 2 a gba 9, àrùn a ràn, owó a tán, àwọn aládùúgbò a sì fi ẹjọ́ sùn. Lójú tèmi, ẹni tí ó lè fi ìwà pẹ̀lẹ́ kọ̀ ni ó yẹ ní olórí.

Ẹ ya ajá tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, kí a fún un ní oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ tí ó yẹ. Bí a bá ṣe iṣẹ́ yìí níhìn-ín, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni àkọ́kọ́. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹni tí yóò gba ajá pátápátá tó mú un lọ, kí ó fọwọ́ sí ìwé pé bí agbára òun kò bá ká a mọ́, ẹgbẹ́ ni òun yóò dá a padà fún, òun kì yóò tà á.