Ẹ Mọ Ohun Tó Wà Nínú Adapter Yín

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kàwé ní Ugbowo, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà wá oúnjẹ òòjọ́ nílùú Benin níbí, ẹ fún mi létí. Ọ̀rọ̀ adapter tí ẹ fi ń so mọ́nítọ̀ kejì mọ́ ẹnu USB láptọ́ọ̀pù yín ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lórí Windows, àwòrán yọ. Lórí Linux, mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Ẹnì kan á ní Linux ló burú, ẹnì kejì á ní ọlọ́jà ló rẹ́ òun jẹ. Ẹ má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú nǹkan tí ẹ rà.

Ẹnu HDMI ń gba àwòrán tààrà láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń yàwòrán nínú láptọ́ọ̀pù. USB lásán kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti ya àwòrán náà tán, kó fún un pọ̀ kó lè kéré, kó fi ránṣẹ́ gba inú wáyà, kí chip tó wà nínú adapter sì tú u padà fún mọ́nítọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ṣe chip ni àṣírí bí wọ́n ṣe ń fún un pọ̀ wà. Bí kò bá sọ ọ́, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì kọ driver fún Linux, mọ́nítọ̀ yín á dúdú náà ni, àfi bí ẹlòmíràn bá tú àṣírí náà wò.

Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára ike adapter kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe chip. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, DisplayLink ló wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 2003, tó kọ́kọ́ ń jẹ́ Newnham Research. Lọ́dún 2009, wọ́n gbé libdlo síta, kóòdù tí ẹnikẹ́ni lè kà, tó sọ bí a ṣe ń bá àwọn chip USB 2.0 wọn sọ̀rọ̀. Kò sọ gbogbo rẹ̀ tán. Florian Echtler àti Chris Hodges jókòó ti wáyà, wọ́n ń ṣọ́ ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n ń tú u wò títí ó fi yé wọn. Lóṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní gbangba ní Berlin. Roberto De Ioris kọ driver fún kernel, ìyẹn ọkàn Linux, Bernie Thompson tún un ṣe, nígbà tó sì di 2012, Dave Airlie gbé èyí tó ń jẹ́ udl wọlé. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ẹ ki adapter USB 2.0 àtijọ́ ti DisplayLink bọ ẹnu láptọ́ọ̀pù, ó ṣeé ṣe kí àwòrán yọ láìjẹ́ pé ẹ wa ohunkóhun jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Fíìmù á máa fà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ kóòdù tàbí tó ń kàwé kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi ń dárúkọ wọn ni pé tokunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí a ń rà. Ẹ̀rọ máa ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ẹni tó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀. Àwọn tó ń rọ idẹ ní Igun Street lè fi iṣẹ́ wọn mọ sí agbo ilé, nítorí pé ọmọ wà tó ń gbà á lọ́wọ́ baba. Ilé iṣẹ́ tó pa kóòdù mọ́, tó wá ta ara rẹ̀ tàbí tó kógbá sílé, ta ló fi í sílẹ̀ fún?

Ẹ wo chip USB 3.0 tó tẹ̀lé ti USB 2.0 wọ̀nyẹn. Ọdún 2015 ni DisplayLink gbé driver tiwọn jáde fún Ubuntu. Apá kan rẹ̀, evdi, ṣí sílẹ̀. Apá kejì, DisplayLinkManager, kò sí ẹni tó lè rí inú rẹ̀. Lọ́dún 2020, Synaptics ra ilé iṣẹ́ náà. Ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí apá kejì yẹn wà.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ki adapter bọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ lsusb sínú terminal, nọ́ńbà ẹni tó ṣe chip á yọ. 17e9 ni ti DisplayLink. Bí ó bá jẹ́ 1d5c, Fresco Logic nìyẹn, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ṣe chip, wàhálà tirẹ̀ pọ̀ jù. Bí ẹnu USB-C láptọ́ọ̀pù yín bá sì lè gbé àwòrán DisplayPort jáde tààrà bíi ti HDMI, wáyà USB-C sí HDMI ni kí ẹ rà. Ìyẹn kò nílò driver míì, èmi ì bá mú un ṣáájú gbogbo ìyókù.

Ẹni tó bá ti ra adapter USB 3.0 ti DisplayLink, kó fi DKMS sórí ẹ̀rọ rẹ̀, kí evdi lè máa tún ara rẹ̀ kọ́ nígbàkigbà tí kernel bá yí padà. Kó má sì sáré gba kernel tuntun lọ́jọ́ tó bá jáde. Bí Secure Boot bá wà ní títàn, ẹ̀rọ á ní kí ẹ yan ọ̀rọ̀ ìwọlé kan, ojú búlúù á sì yọ nígbà tí ẹ bá tún un tàn. Ọ̀pọ̀ yín ń fò ó kọjá níbẹ̀. Enroll MOK ni kí ẹ mú, kí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kernel ò ní gba evdi wọlé láéláé.

Bó bá ṣiṣẹ́, bó bá kọ̀, ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹlòmíràn lè rí: nọ́ńbà tí lsusb fi hàn, kernel tí ẹ ń lò, ohun tí àṣẹ dmesg sọ. Ohun tí Echtler àti Hodges ṣe náà kò ju wíwò àti kíkọ sílẹ̀ lọ.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ń yún un láti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ wá GUD, iṣẹ́ Noralf Trønnes, tó wọ kernel 5.13 lọ́dún 2021. Ó ń sọ Raspberry Pi Zero, kọ̀ǹpútà kékeré kan, di adapter USB sí HDMI, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà ń bá a sọ ló wà ní gbangba. Ẹ lè kà á láti orí dé ìdí, kí ẹ sì kọ́ tiyín ní Ugbowo níbí.