Májèlé Tí Kì í Tán Bọ̀rọ̀ Nínú Ara
Ẹ̀kọ́ Ìlera fún Ìpàdé Ẹgbẹ́ Obìnrin

ÈTE Ẹ̀KỌ́: Kí àwọn ìyá lè mọ irú kẹ́míkà ilé iṣẹ́ tí ó máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀, nínú omi àti nínú ara ènìyàn, ọ̀nà tí ó ń gbà wọ inú ilé, àti ohun tí a lè ṣe láti dènà rẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlera nínú ẹgbẹ́, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sábà máa ń wá sí ọkàn wa. Ṣùgbọ́n irú ewu kan wà tí ó lè wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ láì yí adùn rẹ̀ padà, tí ó sì lè gbé inú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àwa obìnrin ni a ń ra òróró, àwa ni a ń pọn omi, àwa ni a ń dáná, àwa náà ni a ń lóyún tí a sì ń fún ọmọ lọ́mú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ẹnikẹ́ni lọ.

1. KÍ NI ÀWỌN KẸ́MÍKÀ YÌÍ?

Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń dà sílẹ̀ ni ilẹ̀ máa ń jẹ tán. Ewé a jẹrà, oúnjẹ a jẹrà, omi ọṣẹ pàápàá yóò pòórá. Ṣùgbọ́n àwọn kẹ́míkà kan wà tí omi kò lè yọ́, tí oòrùn kò tètè bà jẹ́, tí àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ kò sì rí jẹ tán. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí rí. Ẹ jẹ́ kí á mú mẹ́ta nínú wọn.

Èkíní ni PCB. Ohun olómi bí òróró ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọdún 1929 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é tà ní Amẹ́ríkà. Kì í tètè gbiná, iná mànàmáná kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ni wọ́n fi rọ ọ́ sínú tiransifọ́mà àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Agbára tí ó ní láti fara da iná àti ọjọ́ orí ni wọ́n tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Agbára yìí kan náà ni ó sọ ọ́ di ewu, nítorí nígbà tí ó bá dà sílẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lọ.

Èkejì ni dioxin. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é láti tà. Ó máa ń jáde nínú àwọn iṣẹ́ kẹ́míkà kan, ó sì máa ń jáde nínú èéfín nígbà tí a bá ń sun ìdọ̀tí, pàápàá irú ike tí wọ́n fi ń bo wáyà iná.

Ẹ̀kẹta ni àwọn oògùn apakòkòrò àtijọ́. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ kòkó láàárín wa kò ní ṣàì mọ Gamalin 20. Kẹ́míkà tí ó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ lindane, ara ìran àwọn tí kì í tètè tán lòun náà. DDT náà wà nínú ẹbí yìí.

2. BÍ WỌ́N TI Ń KÓ JỌ

Ẹ rántí kóló tí a fi ń tọ́jú owó nígbà èwe wa. Bí a bá sọ kọ́bọ̀ kan sí i lónìí, tí a sọ òmíràn sí i lọ́la, kò sí èyí tí yóò jáde. Ọjọ́ tí a bá fọ́ ọ ni a óò mọ iye tí ó wà níbẹ̀. Ọ̀rá ara wa ni kóló àwọn kẹ́míkà yìí. Wọn kì í bá ìtọ̀ jáde ní ìrọ̀rùn, ọ̀rá ni wọ́n ń sá lọ bá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó máa ń gba nǹkan bí ọdún 7 sí 11 kí ìdajì dioxin tí ó ti wọ ara ènìyàn tó kúrò níbẹ̀.

Bákan náà ni nínú omi. Àwọn ohun wínníwínní inú odò yóò gba díẹ̀ sára. Ẹja kékeré yóò jẹ púpọ̀ nínú wọn, ẹja ńlá yóò jẹ púpọ̀ nínú ẹja kékeré, ènìyàn yóò wá jẹ ẹja ńlá. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹrù náà ń wúwo sí i. Ìdí nìyí tí odò fi lè mọ́ lójú kí ẹja inú rẹ̀ má sì mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ti oyún àti ọmú. Ohun tí ó ti wà nínú ọ̀rá ìyá lè kọjá sára ọmọ inú, ó sì lè bá ọmú jáde. Ìyá lè má ṣàìsàn rárá, kí ó jẹ́ pé ara ọmọ ni yóò ti hàn.

3. ÒRÓRÓ ÌDÁNÁ NÍ JÀPÁÁNÌ

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Jàpáánì ní ọdún 1968. Ilé iṣẹ́ Kanemi ń ṣe òróró ìdáná láti ara èèpo ìrẹsì. Wọ́n ń fi PCB gbígbóná, tí ó ń gba inú páìpù kọjá, mú òróró náà gbóná. Páìpù jò, PCB sì dà mọ́ òróró. Kò sí ẹni tí ó fi ojú rí i, kò sì sí ẹni tí ó fi ahọ́n mọ̀ ọ́n.

Adìyẹ ni ó kọ́kọ́ kú. Oúnjẹ tí wọ́n fi òróró ilé iṣẹ́ náà pò ni wọ́n jẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sì kú níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Ìkìlọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn kò dá òróró tí ènìyàn ń jẹ dúró. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá tí ìròyìn jáde nínú ìwé ìròyìn, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti fi dáná fún oṣù púpọ̀. Eéwo dúdú yọ sí wọn lójú àti lára, ojú wọn ń ṣepin, èékánná wọn dúdú, ó ń rẹ̀ wọ́n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri. Àwọn aboyún kan bí ọmọ tí awọ ara wọn dúdú lọ́nà tí ó ṣàjèjì sí ìran wọn. Iye àwọn tí ìjọba Jàpáánì kà sí aláìsàn òróró yìí ju 2,000 lọ.

Ní ọdún 1979, irú rẹ̀ gan-an tún ṣẹlẹ̀ ní Taiwan. Àwọn oníṣègùn tọpa àwọn ọmọ tí àwọn ìyá wọ̀nyí bí. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí a bí ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí ìyá wọn ti jẹ òróró náà pàápàá kò já fáfá nínú ẹ̀kọ́ bí ẹgbẹ́ wọn. Òróró ti tán nílé, ṣùgbọ́n kò tíì tán lára ìyá.

Ní ọdún 2013, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka PCB mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

4. ÀWỌN ÀGBÁ KOKO

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni èyí, kí ó rántí Koko. Ìlú èbúté ni, ní etí Odò Benin, nínú Ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́ tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Delta. Láàárín ọdún 1987 sí 1988, ọkọ̀ ojú omi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá débẹ̀ láti Ítálì. Àpapọ̀ ẹrù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,000 tọ́ọ̀nù. Ìwé tí wọ́n fi kó o wọlé kò sọ òtítọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Àgbàlá baálé ilé kan ni wọ́n háyà, nǹkan bí 100 dọ́là ni wọ́n sì ń san fún un lóṣù. PCB wà lára ohun tí ó wà nínú àwọn àgbá náà. Oòrùn ń pa wọ́n, òjò ń pa wọ́n, wọ́n sì ń jò. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé àwọn ará ìlú kan da ohun tí ó wà nínú àgbá nù, wọ́n gbé e lọ sílé láti fi tọ́jú omi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó wà ní Ítálì ni wọ́n kọ̀wé ta ilé lólobó, tí àwọn ìwé ìròyìn fi gbé e jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1988. Wọ́n kó ẹrù náà padà sínú ọkọ̀ méjì, Karin B àti Deep Sea Carrier. Orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan ní Yúróòpù kò jẹ́ kí Karin B gúnlẹ̀ sí èbúté wọn kí Ítálì tó gbà á. Ẹ rò ó wò: ẹrù tí àwọn ìlú olówó kò fẹ́ rí létí omi wọn ni wọ́n kó sí ẹ̀yìnkùlé tálákà.

Lọ́dún náà ni ìjọba ṣe òfin pé ẹni tí ó bá kó irú ìdọ̀tí olóró bẹ́ẹ̀ wọ Nàìjíríà yóò ṣẹ̀wọ̀n gbére. Ní ọdún 2001, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn ní Stockholm lórí kẹ́míkà méjìlá, PCB, dioxin àti DDT wà lára wọn. Wọ́n fi lindane kún un ní ọdún 2009. Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 2004. Àdéhùn náà fi ọdún 2025 ṣe òpin lílo PCB nínú ẹ̀rọ, ó sì fi ọdún 2028 ṣe òpin pípalẹ̀ èyí tí ó kù mọ́.

5. OHUN TÍ A LÈ ṢE

Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìyàwó ilé ni ó ń dúró níbẹ̀.

(a) Òróró: Kí á ra òróró lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀, tí òun náà mọ ibi tí ó ti rà á. Ní ọdún 2014, ìròyìn jáde láti Kenya pé àwọn olè ń fa òróró tiransifọ́mà tà fún àwọn tí ń dín oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ilẹ̀ wa náà, jíjí òróró yìí kì í ṣe ohun tuntun. Kì í ṣe gbogbo tiransifọ́mà ni PCB wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò lè mọ èyí tí ó wà. Kí á má fi dín àkàrà, kí á má fi pa ara, kí á má sì fi wo egbò. Sísè àti dídín kì í pa PCB.

(b) Àgbá àti kẹ́ẹ̀gì: Èyí tí a kò bá mọ ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀ rí, kí á má fi pọn omi, kí á má rọ epo sí i. Ọṣẹ àti omi gbígbóná kò lè fọ̀ ọ́ mọ́. Bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó, ọ̀wọ́n ni.

(d) Ìdọ̀tí: Kí á yé fi láílọ́ọ̀nù àti ike dáná tàbí sun wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé. Kí á yà wọ́n sọ́tọ̀ fún àwọn tí ń kó ìdọ̀tí tàbí àwọn tí ń ra ike. Kí á má ṣe gba àwọn ọmọ láyè láti máa sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà.

(e) Pọ̀nmọ́: Èyí tí wọ́n fi táyà sun ti gba èéfín olóró sára. Kí á bi alápatà léèrè. Bí àwa oníbàárà bá kọ̀ ọ́, yóò padà sí igi.

(ẹ) Ẹja àti ẹran: Kí á má ra ẹja tí wọ́n fi Gamalin tàbí oògùn mìíràn pa. Kí á máa gé ọ̀rá kúrò lára ẹran. Kí á máa pààrọ̀ irú ẹja tí a ń jẹ, kí ó má jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.

(f) Ọmú: Kí ìyá kankan má tìtorí ẹ̀kọ́ yìí já ọmú lẹ́nu ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣì fi ọmú ṣáájú gbogbo oúnjẹ ìkókó, nítorí àǹfààní rẹ̀ pọ̀ ju ewu yìí lọ. Ìgbà ọmọdébìnrin ni ìṣọ́ra ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, kí kóló rẹ̀ má baà kún kí ó tó lọ sílé ọkọ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó dé tí ìyá tí ara rẹ̀ le fi lè bí ọmọ tí kẹ́míkà ti pa lára?
2. Bí ẹnìkan bá fẹ́ háyà àgbàlá yín láti kó àgbá sí, kí ni ẹ óò kọ́kọ́ béèrè?
3. Adìyẹ ni ó kọ́kọ́ kú ní Jàpáánì. Àmì wo ni ó wà ní àdúgbò tiyín tí a ń wò ní ìwòkúwò?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan yẹ àgbá àti kẹ́ẹ̀gì ilé rẹ̀ wò kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé. Èyí tí kò bá mọ orírun rẹ̀, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú ohun ìpọnmi, kí ó sì dá a lu kí ẹlòmíràn má baà gbé e lò. Kí Olúwa dáàbò bo agbo ilé wa. Àmín.