Ìrìn-Àjò Ọ̀rọ̀ Kan

Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti balẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ láyé, tí kò sì fọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni maydan.

Àwọn ará Páṣíà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìránì lónìí, ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni gbàgede, èyí ni ilẹ̀ títẹ́jú tí a kò kọ́ ilé sí, tí tọmọdé tàgbà ti lè pàdé. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ èdè gbà pé láti inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tí ó túmọ̀ sí “àárín” ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí maydan jẹ́, kí ó wo ìlú Isfahan ní Ìránì. Ní nǹkan bí ọdún 1598, Ọba Abbas Kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìlú náà ṣe kí ó lè jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ó la gbàgede ńlá kan síbẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó 560 mítà, ìbú rẹ̀ sì tó 160 mítà. Mọ́ṣáláṣí méjì, ààfin ọba àti ẹnu-ọ̀nà ọjà ńlá ni ó yí i ká. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ààfin ni ọba ti ń wo àwọn tí ń gun ẹṣin, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn òpó òkúta tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù náà gbà kọjá ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ibi eré, ibi ọjà, ibi àdúrà àti ibi ìfihàn agbára ọba: gbogbo rẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí.

Kí a tó bí Abbas rárá ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò. Èdè Lárúbáwá gbà á. Èdè àwọn ará Tọ́kì náà gbà á, wọ́n sì ń pè é ní meydan. Ní ìlú Istanbul, ibi tí àwọn ará Róòmù ti ń fi ẹṣin sáré ìje láyé àtijọ́ ni àwọn ará Tọ́kì sọ ní At Meydanı, èyí ni Gbàgede Ẹṣin. Bí ogun wọn ti ń lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń tẹ̀ lé wọn. Ní Belgrade, olú-ìlú Serbia, odi ìlú àtijọ́ àti ilẹ̀ tí ó yí i ká ń jẹ́ Kalemegdan, nítorí pé kale ni odi lédè Tọ́kì. Nítorí pé orí pápá ni àwọn akọni ti ń pàdé láti jà, megdan di orúkọ ìjà ẹni méjì ní èdè Serbia.

Ní ilẹ̀ Íńdíà, èdè Páṣíà ni àwọn ọba Mughal ń lò ní ààfin wọn; kò yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ̀kúnnù. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun ní Plassey ní ọdún 1757, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ odi tuntun ní Kolkata. Wọ́n gé igbó tí ó wà ní àyíká rẹ̀ kúrò kí ohunkóhun má bàa dí ojú àgbá ìbọn wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó rẹ̀ yìí ni gbogbo ará ìlú ń pè ní Maidan. Orí rẹ̀ kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1911, tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Mohun Bagan, tí mẹ́wàá nínú àwọn mọ́kànlá kò wọ bàtà, fi góòlù méjì sí ẹyọ kan borí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ tí a pèsè fún ìbọn di ibi tí àwọn tí à ń ṣe àkóso lé lórí ti gbé orí sókè.

Irú ìyípadà yìí hàn nínú orúkọ àwọn gbàgede mìíràn pẹ̀lú. Ní Jakarta, ní ilẹ̀ Indonesia, ibi tí àwọn ará Holland ń pè ní Gbàgede Ọba di Medan Merdeka, Gbàgede Òmìnira. Ní Káírò, gbàgede tí ó ń jẹ́ orúkọ Ismail, tí ó ṣe àkóso Íjíbítì nígbà kan rí, di Midan al-Tahrir, Gbàgede Ìdáǹdè, lẹ́yìn ìyípadà ìjọba ọdún 1952. Ní Kyiv, olú-ìlú Ukraine, orúkọ tí ìjọba Sófíẹ́tì fún gbàgede ìlú yí padà ní ọdún 1991 sí Maidan Nezalezhnosti. Gbàgede Òmìnira ni èyí náà.

Orúkọ a máa ro ènìyàn. Ó ń ro ilẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, àwọn ará Íjíbítì kún inú gbàgede Káírò fọ́fọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, Hosni Mubarak, tí ó ti ṣe ìjọba fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, fi ipò sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 2013, àwọn ará Ukraine pàgọ́ sí gbàgede Kyiv nínú òtútù yìnyín. Wọ́n yìnbọn lù wọ́n. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó kú kí Ààrẹ Viktor Yanukovych tó sá kúrò ní ìlú ní oṣù kejì ọdún 2014. Láti ìgbà náà, bí ará Ukraine bá pe maidan, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni ó ń wí. Ìdìde àwọn ènìyàn ni pẹ̀lú. Síbẹ̀, ohun tí a gbà ní gbàgede lè tún bọ́ mọ́ni lọ́wọ́: ní Íjíbítì, àwọn ológun tún gba ìjọba ní ọdún 2013.

Èdè Yorùbá kò yá maydan, nítorí pé ó ní gbàgede àti ojúde tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ará ilé rẹ̀ kan dé ọ̀dọ̀ wa. Bàsáà tí àwọn ìjọ Kristi ń ṣe nígbà ìkórè, ọ̀rọ̀ Páṣíà ni. Ọjà ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì gbà dé ibí. Ọ̀rọ̀ yíyá kì í ṣe àmì òṣì fún èdè. Àmì pé ènìyàn ń bá ènìyàn pàdé ni. Ọba lè la gbàgede, ológun sì lè gé igbó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó bá wà ní àárín, gbogbo ènìyàn ni ó ni ín.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìtumọ̀ maydan, láti inú ọ̀rọ̀ wo ni ó sì ti ṣẹ̀ wá?
2. Báwo ni megdan ṣe di orúkọ ìjà?
3. Kí ni ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gé igbó Kolkata? Kí ni ilẹ̀ náà dà lẹ́yìn náà?
4. Kọ àròkọ lórí gbàgede tàbí ojúde kan ní ìlú rẹ: ta ni ó là á, ta ni ó sì ń lò ó lónìí?