YÍYA ÀWÒRÁN ÒDÒDÓ NÍTÒSÍ KÍ Ó LÈ HÀN GEDEGBE

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, òdòdó ilá kì í pẹ́ láyé. Bí ó bá là ní òwúrọ̀, yóò ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ewéko tàbí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó bá nílò àwòrán rẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá, òwúrọ̀ kan péré ni ó ní lórí òdòdó kan. Bí àwòrán náà bá rí bàìbàì, àfi kí ó máa retí òdòdó mìíràn. Bí ilá bá sì ti ń gbó lóko, ó lè di ọdún tí ń bọ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó máa ń ba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ́: afẹ́fẹ́, ọwọ́ tí ń gbọ̀n, àti ojú kámẹ́rà tí kò mú ibi tí ó yẹ. Àwọn kan rò pé kámẹ́rà olówó gọbọi ni yóò yanjú gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí òdòdó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹni tí ń yà á náà dúró jẹ́ẹ́, ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí.

1. Afẹ́fẹ́
Bí a bá ti sún mọ́ òdòdó tó, bẹ́ẹ̀ ni mímì rẹ̀ díẹ̀ ń di ńlá nínú àwòrán. Ẹ lọ ní nǹkan bí aago méje òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, tí afẹ́fẹ́ kò tíì dìde. Ẹ ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi òwú so igi ilá mọ́ ọn nísàlẹ̀ òdòdó, kí ó má fún jù. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan fi agbòòrùn tàbí páálí dínà afẹ́fẹ́. Bí ó bá ṣì ń fẹ́, ẹ ní sùúrù: yóò sinmi díẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ tẹ kámẹ́rà.

2. Ọwọ́
Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ fi ìgúnpá ti orúnkún, tàbí kí ẹ gbé kámẹ́rà lé orí àpò kékeré tí ẹ rọ iyanrìn sí. Ẹ lè ṣètò rẹ̀ kí ó ya fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 2, kí ìka tí ó tẹ̀ ẹ́ má baà mì ín.

3. Ojú kámẹ́rà
Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bí òdòdó tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 bá kún ojú kámẹ́rà onífíìmù mílímítà 35, tí a sì fi ihò ìmọ́lẹ̀ sí f/8, ibi tí yóò hàn kedere láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi mílímítà 3 lọ. Bí a bá dín ihò náà kù sí f/16, yóò tó mílímítà 6, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ ti tẹ́lẹ̀ ni yóò wọlé. Kámẹ́rà yóò ní láti la ojú sílẹ̀ pẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin, afẹ́fẹ́ yóò sì tún ráyè.

Nítorí náà, ẹ yan ibi tí ẹ fẹ́. Nínú òdòdó ilá, orí ọ̀pá àárín tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni, níbi tí àtíkè òdòdó máa ń bà lé. Lórí fóònù, ẹ fi ìka kan ibẹ̀ lójú fóònù kí ẹ tó yà á. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í rí ohun tí ó bá sún mọ́ ọn jù. Bí ó bá ṣú, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wá gé etí àwòrán náà kúrò nígbà tó bá yá. Ẹni tí ó ń lo kámẹ́rà onílẹ́ǹsì, kí ó rọra fi ara sún síwá sún sẹ́yìn títí ibẹ̀ yóò fi mọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe
Ẹ ya òdòdó kan ní ìgbà 10. Kí ẹ tó kúrò lóko, ẹ fẹ àwòrán kọ̀ọ̀kan lójú. Bí ẹ bá lè ka àwọn ẹ̀ka kéékèèké orí ọ̀pá náà, iṣẹ́ yín ti yọrí. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ tún un yà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí òdòdó yẹn kò ní dúró de ọ̀la.